Adágún wo la lè kó àwọn ọmọ lọ láti Abuja, ká lè wo ẹyẹ àti ẹranko?

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ọyẹ́. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, a ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn lékeléke ń fò lọ lókè, wọ́n tò tẹ̀léra bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ìbejì na ọwọ́ síta lójú fèrèsé mọ́tò, wọ́n ń fi èékánná hàn wọ́n bí bàbá ọkọ mi ṣe kọ́ wọn. Táyé wá bi mí pé, "Màámi, níbo ni wọ́n ń lọ sùn?" Mo ní ilé wọn ni wọ́n ń lọ. Ó ní, "Ilé wọn dà?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án làwọn ìbejì, Ìdòwú pé mẹ́fà. Láti ìgbà tí a ti kó wá sí Abuja, ilé, ilé-ìwé àti tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n mọ̀. Ní tèmi, etí odò Ọ̀ṣun ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Kí n tó mọ̀wé kà ni mo ti mọ ẹyẹ tó ń jẹ ẹja yàtọ̀ sí èyí tó ń jẹ kòkòrò. Ó ń dùn mí pé àwọn ọmọ mi ò mọ èyíkéyìí.

A fẹ́ lọ sí etí adágún kan nínú ìsinmi tó ń bọ̀. Olówó orí mi ní adágún Kainji, ní ìpínlẹ̀ Niger, ló yẹ ká lọ, torí wọ́n gbọ́ pé erinmi wà níbẹ̀. Bàbá ọkọ mi á tẹ̀ lé wa, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè rìn jìnnà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ló dáa? Àsìkò wo? Kí la máa mú dání? Ṣé ọkọ̀ ojú omi ò léwu fún ọmọdé?

Bàbá Lugbe

Adágún Jabi ni kí ẹ lọ, ìyàwó wa. Láàárín ìlú ló wà, Bàbá á rí ibi jókòó sí, ẹṣin wà tí àwọn ọmọ lè gùn, ọkọ̀ ojú omi wà, ẹja yíyan sì wà tí ebi bá dé. Ẹ má fi ọjọ́ ọdún tàbí ìrọ̀lẹ́ Sátidé lọ o, èrò á pọ̀ jù.

Ọmọ Ọ̀fà ní New Bussa

Ẹ kú ìbéèrè mà. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń gbé ìlú yìí, mo sì fẹ́ràn adágún wa débi pé tí mo bá lọ kí àwọn ará ilé l'Ọ́fà, ọjọ́ kẹta ni mo ti máa ń wá omi. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí mo fẹ́ sọ dópin.

Odò Ọya ni wọ́n sé. Iṣẹ́ ìdídò Kainji bẹ̀rẹ̀ ní 1964, wọ́n ṣí i ní 1969. Adágún tó yọ lẹ́yìn rẹ̀ gùn tó nǹkan bí kìlómítà 136, ibi tó fẹ̀ jù nínú rẹ̀ sì tó 24. Bussa àtijọ́ wà nísàlẹ̀ omi báyìí. Ó lé ní 40,000 èèyàn tí wọ́n kó kúrò ní abúlé wọn nítorí omi náà. Ìdí nìyẹn tí tiwa fi ń jẹ́ New Bussa. Àárín àwọn àpáta tó wà lójú odò ní Bussa àtijọ́ yẹn ni Mungo Park bómi lọ ní 1806. Tí ẹ bá dúró sí etí omi láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ ò ní rí òdìkejì.

Ohun tí àlejò kì í mọ̀ ni pé adágún yìí kì í tẹ̀ lé òjò tí à ń fojú rí. Omi méjì ló ń wọ inú rẹ̀. Àkọ́kọ́ pọ́n bí omi tí wọ́n fi po amọ̀. Láti ọ̀dọ̀ odò Sokoto àti àwọn odò itòsí ló ti ń wá, ó sì ń dé láti oṣù Ògún sí Ọ̀wàrà. Èkejì dúdú, ó sì mọ́. Òkè Guinea ló ti ń bọ̀, irà ńlá tó wà ní Mali á ti sẹ́ gbogbo ẹrẹ̀ inú rẹ̀ kúrò kí ó tó kàn wá, ìrìn rẹ̀ sì pẹ́ débi pé bí oṣù Èrèlé ló ń kún jù lọ́dọ̀ wa. Ẹ wò ó ná: gbogbo ilẹ̀ ti gbẹ táútáú, ewé ti já tán lórí igi, adágún sì kún dẹ́nu! Tí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀ ni omi á máa fà sẹ́yìn, koríko tútù á hù níbi tó ti fà, màlúù àti ẹyẹ á bo ibẹ̀.

Ní ti ẹranko, inú Kainji Lake National Park ni wọ́n wà, 5,340 kìlómítà níbùú lóòró, ní apá méjì, Borgu àti Zugurma. Apá Borgu ni odò Oli gbà kọjá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò náà á gbẹ ku kòtò-kòtò, gbogbo ẹranko á sì wá mu omi síbẹ̀: ẹtu, ìnàkí, oríṣiríṣi àgbọ̀nrín, àti erinmi. Mo ti jókòó létí kòtò kan níbẹ̀ rí láti aago mẹ́fà àárọ̀. Omi pa rọ́rọ́. Mo rí etí méjì tó yọ, ó yí bírí, omi fò jáde lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ihò imú méjì fọn omi sókè pẹ̀lú ariwo bí ẹni tó tú afẹ́fẹ́ táyà, ó tún rì. Àwọn mẹ́jọ ló wà nínú ibẹ̀ láti àárọ̀ tí èmi rò pé omi lásán ni.

Àmọ́ mi ò ní tàn yín jẹ. Ẹ má kó àwọn ọmọ wá lásìkò yìí. Ẹ gbọ́ nípa àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n kó ní Papiri, ní Agwara, nínú oṣù Bélú 2025. Agbègbè adágún wa náà nìyẹn. Àwọn ẹni ibi ti wọ inú igbó náà, ọ̀nà kò sì ṣeé dá lé. Ó ń dùn mí láti kọ ọ́, nítorí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá rí ibí yìí. Olú-iléeṣẹ́ àwọn tó ń bójú tó àwọn ọgbà ẹranko ìjọba wà ní Abuja lọ́dọ̀ yín. Tí àlàáfíà bá dé, ẹ kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀ kí ẹ tó gbéra, ẹ má gba ọ̀rọ̀ awakọ̀ gbọ́.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ka ọ̀rọ̀ erinmi yẹn sétí àwọn ọmọ, Kẹ́hìndé ń yí etí káàkiri ilé láti àná. Mo ti sọ fún bàbá wọn pé ká pa Kainji tì ná.

Aláwo-Ẹyẹ, Jos

Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kó dùn yín pé ẹ ò lè lọ jìnnà. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń wo ẹyẹ. Mo ti rí ẹni tó wakọ̀ odindi ọjọ́ kan lọ síbi tí ẹranko pọ̀ sí, tó dé etí omi ní ọ̀sán gangan, tó tan rédíò mọ́tò sílẹ̀, tó sì padà láìrí ju aláǹgbá lọ. Mo sì mọ ìyá arúgbó kan tó ń ka ẹyẹ ogójì láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Àsìkò àti ìjókòó jẹ́ẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Bí màá ṣe ṣe é ní Jabi rèé. Ẹ dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ tán. Ẹ wá ibi tí koríko àti òṣíbàtà wà létí omi, kó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń lu orin. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn sára ẹyẹ dípò ojú yín. Ẹ jókòó, ẹ má dìde fún ìdajì wákàtí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ó máa dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹyẹ á gbàgbé pé ẹ wà níbẹ̀.

Ẹ fi mẹ́ta yìí ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Èkíní ni ẹyẹ apẹja tó ní funfun àti dúdú lára. Á dúró sójú kan lófuurufú, ìyẹ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ á kọjú sí omi bí abẹ́rẹ́, lójijì á já wálẹ̀ bí òkúta. Tó bá mú ẹja, ẹ má yọjú kúrò lára rẹ̀ o! Á gbé e lọ sórí ẹ̀ka, á na ẹja náà mọ́ igi títí yóò fi kú, á wá yí i padà kí orí lè ṣáájú wọ ọ̀fun, torí tí ìrù bá ṣáájú, lẹbẹ ẹja á há a lọ́rùn.

Èkejì ni ẹyẹ tó ń rìn lórí òṣíbàtà. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ kí ìka ẹyẹ gùn lọ, òun ló fi ń pín ìwúwo ara rẹ̀ sórí ewé tí kò fi rì. Bàbá ló ń sàba lórí ẹyin nínú ìran tirẹ̀, bàbá ló ń tọ́ ọmọ. Tí ewu bá dé, á gbá àwọn ọmọ mọ́ra sábẹ́ ìyẹ́, ẹsẹ̀ wọn nìkan lẹ máa rí tó rọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta kéré, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní, kò sì yéé mi ìdí. Ó ń rìn létí omi, ó ń mi ìdí, ó dúró, ó ṣì ń mi ìdí. Láti Yúróòpù ni ìyẹn ti fò wá. Bí oṣù Ògún ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé, wọ́n á sì padà ní bí oṣù Igbe. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn láti máa lọ sí etí omi láàárín Bélú sí Ẹrẹ́nà: àwọn onílé wà, àwọn àlejò náà wà.

Awò tí wọ́n ń pè ní báínókúlà dáa, tí ẹ bá lè yá ọ̀kan. Èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ló rọrùn jù. Àwọn tó ń sún nǹkan mọ́ni ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ ọmọdé á máa gbọ̀n, wọn ò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ìbéèrè Táyé ńkọ́? Àárọ̀ kò lè dáhùn ìyẹn. Ẹ tún padà lọ ní ìrọ̀lẹ́.

Bàbá Lugbe

Ẹ tún mú búrẹ́dì dání kí àwọn ọmọ fi pe àwọn ẹyẹ.

Aláwo-Ẹyẹ, Jos

Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Búrẹ́dì máa ń kún inú ẹyẹ láìfún un lókun, èyí tó bá kù a sì bà jẹ́ nínú omi. Ọ̀rá piọ́wọ́tà náà, ẹ kó gbogbo rẹ̀ padà sílé. Mo ti bá ẹyẹ kan pàdé rí tí ọ̀rá dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹran ti wú bo ọ̀rá náà. Èmi àti ẹnì kejì mi la jọ gé e, ìṣẹ́jú ogún gbáko, ẹyẹ náà kò sì tún lè fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀.

Bàbá Lugbe

Mo gbà. Mo ti gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Ohun tí mò ń rí níbi iṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ, torí kò sẹ́ni tó mẹ́nu kàn án. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ inú omi adágún, kódà kó jẹ́ dé kókósẹ̀.

Àtọ̀sí ajá ni mò ń sọ. Inú ìgbín omi kéékèèké ni kòkòrò rẹ̀ ti ń dàgbà. Yóò jáde sínú omi, yóò sì gba awọ ara èèyàn wọlé láìsí ọgbẹ́ kankan níbẹ̀. Ọ̀sán tí oòrùn mú, tí ọmọ fẹ́ wẹ̀ jù, ìgbà náà gan-an ló pọ̀ jù nínú omi. Omi náà lè mọ́ gaara o. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan lọmọ á máa tọ ẹ̀jẹ̀, àwọn òbí mìíràn á sì máa rò pé ó ti bàlágà ni. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel, kò sì ṣòro lò, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ló yẹ kó ṣáájú. Tí ẹnikẹ́ni bá ti wọ inú omi náà, ẹ gbé e lọ ṣàyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá. Tí ẹ bá lọ lọ́jọ́ kejì, àyẹ̀wò kò ní rí nǹkan kan.

Fún ìrọ̀lẹ́, aṣọ alápá gígùn àti ṣòkòtò gígùn nítorí ẹ̀fọn, kí ẹ sì fi ìpara alé-ẹ̀fọn pa ọwọ́ àti ọrùn wọn. Ẹni tó bá sì máa lọ sí igbó Borgu lọ́jọ́ iwájú, kó má wọ aṣọ búlúù tàbí dúdú. Eṣinṣin tsetse fẹ́ràn àwọ̀ méjèèjì, ẹnu rẹ̀ sì ń gún aṣọ kọjá.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Lokoja

Ọmọ mi, ìwọ ìyá ìbejì, mo kí ẹ. Wọ́n ní kí n dá sí i torí ojú omi ni mo ti ń jẹun. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń wọkọ̀ lọ ra ẹja. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí o béèrè ni màá dáhùn.

Má wọ ọkọ̀ tí kò bá sí láífù jákẹ́ẹ̀tì fún gbogbo yín, títí kan Bàbá. Àwọn kan á ní ọmọdé nìkan ló nílò rẹ̀. Irọ́ ni. Bí ọkọ̀ bá dà, ta ló máa di ọmọ mú? Nínú oṣù Èbìbí 2021, ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Wara ní ìpínlẹ̀ Kebbi dà lójú Odò Ọya, èrò inú rẹ̀ lé ní 150. A sunkún ní Lokoja níbí bíi pé ará ilé wa ni.

Jákẹ́ẹ̀tì náà, fún ra rẹ ni kó o yẹ̀ ẹ́ wò. Dè é mọ́ ọmọ lára, wá di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú, kó o gbé e sókè. Bó bá gòkè kọjá etí ọmọ, ó tóbi jù, yóò bọ́ lọ́rùn rẹ̀ nínú omi. Wo ìdè rẹ̀, kó má jẹ́ èyí tó ti kán tí wọ́n fi okùn so. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Wọ́n fún mi ní ọ̀kan, mo wọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnnì kú láàárín omi, afẹ́fẹ́ ń gbá wa lọ. Nígbà tí mo fẹ́ fún ìdè yẹn mọ́ra, òwú rẹ̀ já sí mi lọ́wọ́. Ọlọ́run ló ní ká gúnlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tèmi ni mò ń gbé dání láti ilé.

Kó o tó wọlé, wo bí ọkọ̀ ṣe rì tó. Bí o bá jókòó tí ọwọ́ rẹ kan omi láìtẹ̀, ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù, sọ̀kalẹ̀. Kọ́ àwọn ọmọ rẹ kí wọ́n tó wọlé pé bí ẹnikẹ́ni bá kígbe pé "Ẹ wò ó!", orí nìkan ni wọ́n á yí, ìdí wọn ò ní kúrò níjòókòó. Bí ọkọ̀ ṣe ń dà nìyẹn, kí gbogbo èèyàn sáré sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ wo nǹkan. Níkẹyìn, láti oṣù Ẹrẹ́nà tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bẹ̀rẹ̀, má ṣe wà lórí omi lẹ́yìn ọ̀sán. Ìjì yẹn kì í kan ilẹ̀kùn.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ kú ìnáwó ọ̀rọ̀, Màámi. Mo ti kọ ti èjìká yẹn sínú fóònù. Mo fẹ́ bi yín pé, ṣé ẹnikẹ́ni mọ Usuma? Ó súnmọ́ wa ju Jabi lọ.

Olùkọ́ Bwari

Mo ń kọjá lẹ́bàá rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìdídò Lower Usuma ni omi ẹ̀rọ Abuja ti ń wá, nítorí náà kì í ṣe ibi tí èèyàn kàn lè ya wọ̀. Ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ìyọ̀ǹda, kí ẹ má sì gba ẹ̀yìn igbó wọlé, ohunkóhun tí ọmọkùnrin adúgbò kan báà wí fún yín. Ó rẹwà, àwọn òkè dúdú yí i ká, ó sì dákẹ́ ju Jabi lọ.

Ushafa ló wà létí ibẹ̀, abúlé àwọn Gbagyi tí Ààrẹ Clinton wá kí ní 2000. Tí ẹ bá fẹ́ jókòó sí ìhà ọ̀dọ̀ wọn, ẹ kọ́kọ́ lọ kí mai-angúwà, ìyẹn olórí àdúgbò. Ẹ ra obì díẹ̀ dání. Tó bá ti mọ̀ yín, á fún yín ní ọmọ kan tó máa mú yín lọ, ọmọ náà á sì mọ ibi tí ẹyẹ ń wà ju ẹnikẹ́ni tó wà lórí ìjíròrò yìí lọ. Ẹ wo àwọn amọ̀kòkò náà kí ẹ tó padà. Èmi lè bá yín béèrè ìyọ̀ǹda náà tí ẹ bá sọ ọjọ́.

Alhaja Sabon Gari, Kano

Ẹ má gbàgbé apá ọ̀dọ̀ wa o. Adágún Nguru ní Yobe wà lára àwọn irà tí gbogbo ayé fọwọ́ sí pé ká dáàbò bò, láti 2000. Bàbá àwọn ọmọ mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Mo rántí pé tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú igbó bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà ní Dagona, ibi ààbò ẹyẹ omi tó wà ní agbègbè náà, òjìji wọn á bo omi. Lónìí, koríko tí àwọn Hausa ń pè ní kachalla ti gba ojú omi níbi púpọ̀, ó ń dí ọ̀nà àwọn apẹja. Ọ̀nà náà jìn, ẹ sì ní láti wádìí ààbò dáadáa. Àmọ́ ẹni tó bá ráyè lọ nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ á rí ohun tí mò ń wí.

Ọmọ Ọ̀fà ní New Bussa

Pandam ní Plateau ńkọ́, ẹ̀yin ará Jos?

Aláwo-Ẹyẹ, Jos

Adágún tó dáa ni. Ọ̀nì wà, erinmi wà, ayu náà wà, ẹranko omi ńlá tó ń jẹ koríko bíi màlúù. Alẹ́ ni ayu ń jẹun jù, ojú rẹ̀ sì ń ti èèyàn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣèlérí rẹ̀ fún ọmọ. Ìpínlẹ̀ wa náà ní ìṣòro tirẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ pe ẹni tó wà nítòsí ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ lọ, kì í ṣe oṣù tó ṣáájú.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti lọ, a ti bọ̀! Jabi la lọ, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ la débẹ̀ láàárọ̀. A gbé àga ṣíṣẹ́po fún Bàbá. Ìdòwú ò lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, mo ní kó máa ka àwọn òṣíbàtà, ó ka ọgbọ̀n ó le mẹ́rin, oorun gbé e lọ. Bàbá ló kọ́kọ́ rí ẹyẹ apẹja. Wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn fi ọ̀pá wọn nà án. Ó dúró lófuurufú bí ẹ ṣe wí gan-an, ó já lulẹ̀, ó gòkè lọ́wọ́ òfo. Ó tún ṣe é. Ìgbà kẹrin ló mú ẹja. Nígbà tó ń na ẹja náà mọ́ igi, a ń gbọ́ ọ: tọ́, tọ́, tọ́. Kẹ́hìndé di ọwọ́ mi mú, kò jẹ́ kí n lọ títí ó fi gbé e mì. Orí ló ṣáájú.

A wọ ọkọ̀ fún ìdajì wákàtí. Mo gbé èjìká gbogbo jákẹ́ẹ̀tì sókè kí a tó gbéra. Ti Ìdòwú kọjá etí rẹ̀, wọ́n lọ wá kékeré wá. Atukọ̀ náà ní kò sí oníbàárà tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó sì bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní ìyá mi ní Lokoja ni.

A lọ sílé lọ sun oorun ọ̀sán, a padà ní aago márùn-ún. Bàbá sọ ìtàn odò ìlú wọn fún àwọn ọmọ, àwọn ẹyẹ tí wọ́n mọ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àti bí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe ń dúró de lékeléke lẹ́yìn màlúù àwọn Fúlàní. Èmi gan-an ò gbọ́ ìtàn yẹn rí láti ọdún méjìlá tí mo ti wọ ilé wọn.

Bí oòrùn ṣe ń wọ̀ ni àwọn lékeléke bẹ̀rẹ̀ sí í dé, mẹ́ta, méje, lẹ́yìn náà ọ̀wọ́ ńlá. Igi mẹ́ta tó dúró létí omi ni wọ́n ń bà lé. Wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń ké, ẹni tó wà lókè ń lé ẹni tó wà nísàlẹ̀, títí igi náà fi funfun bíi pé òwú ló so. Táyé ò sọ nǹkan kan. Ó mú bírò, ó ń fa ilà sínú ìwé rẹ̀, ìlà kan fún ẹyẹ kan, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ̀gbọ́n Jos, Táyé ní 214 ni. Kẹ́hìndé ní òun ka 209, wọn ò sì tíì fẹnu kò láti àná. Èwo ni kí n gbà?

Aláwo-Ẹyẹ, Jos

Inú mi dùn dé ìdí! Ẹ kọ ọ́ pé nǹkan bíi 210, bí àwa náà ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn tí ọ̀wọ́ bá pọ̀. Nigerian Bird Atlas Project kan wà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Wọ́n pín gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà sí ojú-kọ̀ọ̀kan tó tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án. Èèyàn á fi wákàtí méjì ó kéré tán wo ẹyẹ inú ojú kan, á máa kọ orúkọ wọn bó ṣe ń rí wọn tẹ̀léra sórí áàpù BirdLasser, á sì fi ránṣẹ́. Ẹ bá àwọn ọmọ gbé e sórí fóònù yín. Kí wọ́n tọ́jú ìwé tí wọ́n fa ilà sí yẹn, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti aago sí i lókè.

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Wọ́n ti kọ ọ́. Olùkọ́ Bwari, ẹ jọ̀ọ́, Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀ ńkọ́ fún Ushafa? Bàbá ní àwọn á ra obì náà fúnra wọn.